Ẹ̀tàdínlógún

Kúbúwà, aago mẹ́ta òru. Ọyẹ́ ń họ fèrèsé.
Talátù ará Sààríà ti sùn lórí tábìlì,
ìṣirò rẹ̀ kún ògiri bí ẹsẹ̀ adìyẹ.
Ogún, ẹ̀ta. Ogún, ẹ̀ta.
Oṣù kan la ti ń wá kọ́kọ́rọ́ ẹnà yìí,
owó báńkì ń jò bí ajádìí agbọ̀n.

Mo kà á sókè. Etí gbọ́ ohun tójú ò rí:
ẹ̀tàdínlógún!
Olè yìí ń yọ ẹ̀ta lára ogún
bí ìyá wa ṣe ń ka iṣu ní Ìlá.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rìnlá níbẹ̀ rárá.
Ẹnì kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó máa ń fò ó.
Ìyá wa nà án títí.

Talátù jí. “Ó ṣí?”
Mo ní kò tíì ṣí.