Aṣọ Sísá Lóru

Aago mẹ́ta òru ní Wínípẹ́gì, yìnyín ti dí ojú fèrèsé.
Moróunfólú ké, ó ké, ohùn rẹ̀ ti ha.
Mo pọ̀n ọ́n, mo kì í,
mo fi ọmú lọ̀ ọ́. Kò gbà.
Ni mo bá gbé e máyà, a sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá ìfọṣọ lábẹ́ ilé.
Marivic ti wà níbẹ̀,
aṣọ iṣẹ́ ọsibítù rẹ̀ ń yí gbiri
nínú ẹ̀rọ tó ń sáṣọ láìsí oòrùn.
"Fẹ̀yìn tì í," ó wí. Kò bi mí ní nǹkan kan.

Gbígbọ̀n náà wọ eegun ẹ̀yìn mi,
ó la àyà mi já, ó dé ara ọmọ.
Hùùùn. Bọ́tìnnì kan ń ta kó, kó, nínú irin.
Èjìká tí mo ti fà mọ́ etí láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀
wálẹ̀ fúnra rẹ̀.
Mo rántí ẹ̀rọ ìlọta bàbá mi ní Ìlá,
bí mo ti máa ń sùn lórí àpò àgbàdo,
tí ilẹ̀ pàápàá ń kùn.

Ọmọ sùn.
Ẹ̀rọ dúró. Ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn ló fẹ́ jí i.
Marivic ti kó aṣọ rẹ̀ tán,
ó ju dọ́là kan sí ihò ẹ̀rọ,
ó jẹ́ kó máa yí lófìfo.