Apá Òsì Yadagiri

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fa ẹ̀jẹ̀ lápá ènìyàn,
mo mọ ojú abẹ́rẹ́ bí awakọ̀ ṣe mọ kòtò ojú ọ̀nà rẹ̀.
Èyí tó wà lápá òsì Yadagiri kò tíì pé ọjọ́ mẹ́sàn-án:
etí rẹ̀ ṣì pọ́n, àárín rẹ̀ ń di èépá.
"Ìgbà wo lo gba oògùn ìdánwò kẹ́yìn?"
"Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, akka."
Kò wo ojú mi. Fáànù tó ń yí lókè ló ń wò,
bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí.

Hyderabad nìyí, ilé alájà mẹ́rin lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
Ọgbọ̀n ọkùnrin ló sùn sí wọ́ọ̀dù wa,
nọ́ńbà lọ́rùn ọwọ́, ike ìtọ̀ lábẹ́ ibùsùn.
Oògùn ìtọ̀ ṣúgà ni. Àwọn ará òkè òkun ló kọ́kọ́ ṣe é,
àṣẹ wọn lórí rẹ̀ yóò pin ní oṣù Kẹta,
ẹni tí àdàkọ tirẹ̀ bá sì kọ́kọ́ yege
ni yóò dá jẹ ọjà náà fún oṣù mẹ́fà gbáko.

Ìyẹn ni kò jẹ́ kí Dókítà Raghunandan sùn.
Ìyẹn náà ni iná ilé-iṣẹ́ tó dojú kọ wá
fi ń tàn mọ́jú.
Wọ́n gba onímọ̀ kẹ́míkà wa lọ́dún tó kọjá;
àwa náà gba akọ̀wé wọn.
A fi aṣọ dúdú bo fèrèsé,
wọ́n fi gíláàsì dúdú sí tiwọn.
Ẹ wo àṣírí tí a ń pa mọ́ fún ara wa!
Yadagiri sì ń gba ẹnu ọ̀nà méjèèjì wọlé.

Ahunṣọ ni, láti Sircilla.
Ẹ̀rọ mẹ́rin ló ní, ó ti ta mẹ́ta;
ìyàwó rẹ̀ ń sá aṣọ lórí ẹ̀kẹrin,
aṣọ tí ẹlòmíràn hun.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án rúpì fún alẹ́ méjì,
ìrẹsì, ẹyin kan, ibùsùn tó ní bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì.
"Ẹ̀jẹ̀ kì í tán, akka," ó ní. "Òwú ló ń tán."

Oògùn tiwa àti tiwọn yóò pàdé nínú iṣan kan ṣoṣo,
ẹ̀rọ òkè yóò ka iye kan
tí kì í ṣe tiwa, tí kì í ṣe tiwọn,
a ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé dáadáa, a ó lu òǹtẹ̀.
Wọ́n ní bí irọ́ bá rin ìrìn ogún ọdún,
ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.
Oògùn yìí kò ní ogún ọdún.
Oṣù Kẹta ló ní.
Lẹ́yìn náà, obìnrin kan ní ìlú tí n kò mọ̀
yóò fi omi gbé hóró funfun kan mì.

Mo ní, "Jẹ́ n wo apá ọ̀tún."
Ó rọra ká ẹ̀wù sókè.
Ojú abẹ́rẹ́ mìíràn. Ó tuntun ju ti òsì lọ.
Ọjọ́ mẹ́rin, bóyá. Ilé-iṣẹ́ kẹta.
Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò,
èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Oṣù mélòó?" ni ìwé béèrè.
Kò sí ibi tí a lè kọ ọjọ́ sí.
Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ní lẹ́tà gàdàgbà: ọjọ́ mẹ́rin.
Ó wo gègé mi títí tí yíǹkì fi gbẹ,
ó wá sálúbàtà rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn.
Kò bú mi. Ì bá bú mi.
Ẹni tí wọ́n pè rọ́pò rẹ̀ ti wọlé,
ẹ̀wù rẹ̀ gùn dé ọrùn ọwọ́, nínú ooru yìí.

Mo ká aṣọ fèrèsé díẹ̀.
Yadagiri ń sọdá títì,
ó ń fa apá ẹ̀wù rẹ̀ sísàlẹ̀,
òsì, lẹ́yìn náà ọ̀tún.
Aṣọ́nà wọn pè é lórúkọ.