Síkáàfù Mẹ́tàlá

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kí n kọ gbogbo ewu sílẹ̀:
ẹrẹ̀, ajá àjèjì, omi, ẹ̀ka gbígbẹ tó lè já lu orí.
Nísàlẹ̀ pátápátá wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà gàdàgbà:
Ka àwọn ọmọ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá.

Ìyá mi ní Ìgbájọ ìbá ya ìwé náà sí méjì.
A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.
Bí o bá béèrè iye tí àwa ọmọ rẹ̀ jẹ́,
á ní kí o lọ wo abọ́ lórí pẹpẹ.

Nítorí náà síkáàfù ni mo ń kà.
Mẹ́tàlá, aláwọ̀ ewé tó ní etí wúrà,
lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Chatham,
láàárọ̀ Sátidé tí òjò ń pète àtirọ̀, tí kò rọ̀.

Ìrìn náà ò tó nǹkan. Máìlì méjì péré,
ọ̀nà tí arúgbó ń tẹ̀lé ajá rẹ̀ gbà lójoojúmọ́:
ẹ̀yìn ilé ìtajà ńlá, abẹ́ afárá ọkọ̀ ojú irin,
lẹ́yìn náà, igbó.

Igbó kẹ̀? Wọ́n ní igbó ni.
Irin pélébé wà lára igi kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà wà lára irin,
àga kan wà tí wọ́n fín orúkọ òkú sí, wọ́n ní ó fẹ́ràn ibẹ̀.
Nínú igbó tí mo mọ̀, a kì í súfèé,
a kì í pe ara wa lórúkọ.
Níhìn-ín, fèrè ló so mọ́ mi lọ́rùn,
orúkọ wọn ni mo sì ń fi ohùn gbogbo pè:
Mofíyìn! Kálọ́ọ̀mù! Jágódà! Ẹ má sáré nínú ẹrẹ̀!

Wọ́n sáré.

Lábẹ́ àwọn igi óákù, òdòdó kan tẹ́ lọ rẹrẹ,
bí ẹni pé aláró kan kọsẹ̀ níbẹ̀, ìkòkò rẹ̀ dà nù.
Gbénró, tí wọ́n bí sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru,
bi mí pé kí ni Yorùbá ń pè é.
Mo ní kò sí lọ́dọ̀ wa.
"Ẹ fún un lórúkọ nígbà náà,"
bí ẹni ní kí n bu omi fún òun mu.
Mo ronú. Mo ní, Agogo Aró.
Wọ́n ń pè é lọ láàárín igi, ohùn wọn ń wọ́ ọ síhìn-ín sọ́hùn-ún,
n ò tún un ṣe.

Kálọ́ọ̀mù lọ mú fìlà rẹ̀, èsìsì jó o lórúnkún.
Ó ké bí ẹni tí ejò ṣán.
Jágódà já ewé gbọọrọ kan, ó tutọ́ sí i, ó fi pa ibẹ̀.
Èmi náà mú òwe wá, kí n má baà dúró lásán:
"Fọkàn balẹ̀. Èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì."
Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó tún jó o,
orúnkún kejì.
Ó kàn wò mí.
Èsìsì ilẹ̀ yìí ò gbọ́ Yorùbá.

Ní gèétì onígi tí kì í gba ju ẹnì kan lọ,
mo ka síkáàfù: mẹ́wàá, mọ́kànlá, méjìlá.
Mo tún un kà. Méjìlá.
Ẹsẹ̀ mi di omi.
Fọ́ọ̀mù àti ìyá mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.
Mo ti gbé fèrè sẹ́nu kí n tó rí i pé ẹnì kan di apá mi mú:
Gbénró, ọrùn rẹ̀ ṣófo.
Ó ti tú tirẹ̀, ó fi we orúnkún ọ̀rẹ́ rẹ̀.
Ọrùn ni mo ń wò, n ò wo orúnkún.

Bàbá kan dé, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́, ó ní ṣé wọ́n pé?
Mo ní kí ó wo bàtà lẹ́nu ọ̀nà.
Ní àyè tí wọ́n kọ "ìṣẹ̀lẹ̀" sí lórí fọ́ọ̀mù,
mo kọ ọ́: Èsìsì. Lẹ́ẹ̀mejì.