Àmì Kan Lórí Ọ

Etí ọ̀sà ni ilé mi wà ní Bárígà,
mo jókòó sórí àpótí, mo ń hun pankẹ̀rẹ̀.
Pankẹ̀rẹ̀ kan náà tí Tíṣà Ọ̀ṣúnlànà fi lànà sí mi nídìí
nígbà tí méje lọ́nà méje ta kókó sí mi lọ́pọlọ,
òun náà ló di agbọ̀n lọ́wọ́ mi, tó di àga, tó di ìbòrí iná.
Ohun tó nà mí ló ń bọ́ mi.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gbà pé
iṣẹ́ tó bá dáa yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá olówó.
Agbọ̀n gun ara wọn lórí, ó kan àjà.
Aláǹtakùn hun tirẹ̀ mọ́ tèmi, kò gbowó iṣẹ́.
Bí oníbàárà bá yà, òjò ló lé e wọlé,
òjò á dá, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá,"
á sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Rọ́fíátù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló là á mọ́lẹ̀:
"Agbọ̀n ò lẹ́nu. Ta lẹ fẹ́ kó bá yín sọ ọ́?"
Mo ní ṣé kí n máa lọgun káàkiri pẹ̀lú ewú lórí ni?
Ó ní, "Ìyá àgbà ńkọ́?"
Mo dákẹ́.
Ìyá mi kiri ẹ̀pà bíbọ̀ láti Ìlàjẹ dé Akọkà.
Kò sọ ọ́ rí pé ẹ̀pà òun dára.
Ohun tó ń ké ni:
"Agogo mẹ́fà àárọ̀ yìí ló kúrò lórí iná,
ó mọ òní, kò mọ àná!"

A wá gbé agbọ̀n sójú fèrèsé ní agogo méje,
kí oòrùn tó ń bọ̀ láti orí omi tó le.
Rọ́fíátù ò gbà kí n ya òfìfo.
Ó kó ìlédìí ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀kan,
ó gbé mángòrò mẹ́ta sínú èkejì.
"Ẹ má ya pankẹ̀rẹ̀," ó ní,
"ibi tí èèyàn máa kó ẹrù rẹ̀ sí ni kẹ́ ẹ yà."
Ó tún ya ọwọ́ mi, èékánná dúdú àti gbogbo ẹ̀.
Ojú tì mí.
Àwòrán yẹn ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ síra wọn jù.

Lẹ́yìn náà la lọ tẹ káàdì ní Ṣómólú,
kékeré, tí a ó máa so mọ́ etí agbọ̀n.
Kásúmù atẹ̀wé fi àmì sórí ọ lódì:
èyí tó yẹ kó wálẹ̀, ó gòkè.
Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta káàdì: AGBỌ́N JÌNÁDÙ.
Agbọ́n! Kòkòrò tó ń ta ni!
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi pankẹ̀rẹ̀ lànà sí òun náà nídìí.
Owó ti wọlé, kò ṣeé gbà padà.

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? A so wọ́n mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.
Obìnrin kan láti Yábàá kà á, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Bàbá, ṣé kò ní ta mí?"
Mo ní, "Ìyá, èyí tó ń ta ni ń bẹ lórí igi,
èyí tí à ń tà ló wà níwájú yín."
Ó ra méjì. Ó ròyìn rẹ̀ níbi iṣẹ́.
Kí oṣù tó pé, àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń bèèrè lẹ́nu ọ̀nà:
"Níbo ni Bàbá Alágbọ́n wà?"

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ dùn.
Mo ti ń ṣírò pankẹ̀rẹ̀, mo ń ṣírò ìṣó àti fáníìṣì,
mi ò ṣírò ọ̀sán mi rí.
Ìgbà tí mo kà á kún un, owó gun.
Ìyáàfin kan nínú ọkọ̀ dúdú dá a sí méjì,
mo ní kò gbà, ó yí gíláàsì sókè.
Mi ò sùn dáadáa lóru yẹn.
Lọ́jọ́ kẹta, awakọ̀ rẹ̀ ló padà wá,
ó san án pé, ó ní ti ìyàwó òun ni,
kí n má sọ fún ọ̀gá.

Lálẹ́ yìí, méje ló kù nílẹ̀,
ẹgbẹ̀rún méje-méje náírà.
Tíṣà Ọ̀ṣúnlànà, níbikíbi tí ẹ bá wà,
mọ́kàndínláàádọ́ta ni.
Káàdì ti ń tán. Kásúmù ní òun á tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.
Mo ní kó fi àmì yẹn síbi tó wà,
kó má fọwọ́ kàn án.