Bọ́tìnnì Mẹ́fà

Ní Duluth, létí adágún tó fẹ̀ bí òkun,
oṣù Kínní ni, yìnyín ti bo ojú ọ̀nà,
àwọn ọkọ̀ tí ń kó òkúta irin ti gan sójú kan ní èbúté.
Èmi nìkan ló kù tí ń rìn, èmi àti àpò nọ́ọ̀sì mi,
àti bàtà tí omi ń wọ̀,
lọ sílé Arvid Lahti, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin.

Ogójì ọdún ló fi so okùn ọkọ̀ mọ́ èbúté.
Ọkọ̀ tó gùn ju àdúgbò wọn lọ,
òun ló ń sọ fún un pé: dúró níbí.
Àfi ìgbà tí rọpárọsẹ̀ dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan,
ó mú apá ọ̀tún, ó mú ìdajì ọ̀rọ̀,
ó fi ojú sílẹ̀ kó lè máa wo ohun tí wọ́n kó lọ.

Elma ìyàwó rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.
“Mo ti wẹ̀ ẹ́. Mo ti wọṣọ fún un. Mo ti fi ṣíbí bọ́ ọ.”
Arvid jókòó létí fèrèsé, ó mọ́ tónítóní,
bí àwo tí ẹnì kankan kò fi jẹun rí.

Ìwé kan wà tí wọ́n fi kọ́ wa níṣẹ́ yìí.
Ó ní kí nọ́ọ̀sì bi ara léèrè ohun tó ń fẹ́,
kó wo ohun tí ọwọ́ aláìsàn ṣì lè ṣe,
kó wá wọn àlàfo tó wà láàárín wọn.
Àlàfo yẹn nìkan ni tìrẹ.
Bó bá fẹ̀ bí odò, gbé e kọjá.
Bó bá ṣe é fò, na ọwọ́ sí i kó dì í mú.
Bó bá kéré bí ihò bọ́tìnnì,
jókòó.

Mo gba máàkì rere nínú ìdánwò yẹn.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìjókòó ló le jù.

Nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni:
a gbà á lọ́wọ́ ikú,
a gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀,
a gba kóòmù, a gba abẹ ìfárùngbọ̀n,
títí ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀
fi di ọwọ́ lásán.

Mo ní, “Elma, lọ́la, fi ṣẹ́ẹ̀tì sórí bẹ́ẹ̀dì,
kí o sì ki ọwọ́ bọ àpò.”
Ó wò mí bí ẹni tó ní kó ju ọkọ rẹ̀ sínú adágún.
“Ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta,” ó ní.
“Kí ni kí n wá fi ọwọ́ mi ṣe?”
Mi ò fèsì. Ìwé náà kò mẹ́nu kan ọwọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì a jókòó sí ilé ìdáná, kọfí wà níwájú wa.
Bẹ́ẹ̀dì dún. Ó ṣépè ní èdè àwọn baba rẹ̀,
épè náà pé, kò sí ìdajì nínú rẹ̀.
Nǹkan kékeré kan já bọ́, ó yí gbirigbiri lórí pákó.
Elma dìde.
Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.
Ọkọ̀ tí ń kó yìnyín kọjá lójú títì, ó padà,
ó tún kọjá.

Ogójì ìṣẹ́jú. Ilẹ̀kùn ṣí.
Ṣẹ́ẹ̀tì náà wọ́, bọ́tìnnì kẹta wà níhò kẹrin,
ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀! Okùn tó so sí i,
mi ò rí irú rẹ̀ rí:
ìsokùn èbúté, ti ìgbà tí ọwọ́ kan bá di irin mú
tí ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ fi ìkejì so ó.
Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí i.
“Dúró,” ó ní. Ó wá ìyókù kiri nínú ẹnu. “Níbí.”

Lẹ́yìn náà ó tú àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó na bọ́tìnnì tó já sí Elma,
Elma sì ti ń tú dúróà wò, ó ń wá abẹ́rẹ́,
ó ń sunkún, ó ń bú u.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé àbẹ̀wò:
bọ́tìnnì márùn-ún, òun fúnra rẹ̀.
Ọ̀kan, ìyàwó.
Nọ́ọ̀sì: kọfí tútù, ife kan.