Ojú Tí Mo Yá Lowrie

Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Láti aago mẹ́ta ni Lerwick ti ṣú.
Mo ti wẹ Lowrie, mo ti fún un lóògùn,
mo ti fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orúnkún rẹ̀.
"Gbé páálí keje wá," ni ó wí.
"Kà á fún mi."

Kì í ṣe ìwé. Àwòrán ni.
Ogójì ọdún tó fi ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sókè àríwá,
tó ń dùbúlẹ̀ lórí yìnyín bí ẹni tó ń ṣọ́ òkété níhò,
kámẹ́rà lójú, ìka mẹ́ta tí òtútù ti jẹ lórí.
Ojú ọ̀hún ti wá ṣú báyìí.
Tèmi ló ń yá lò.

Mo ní: Yìnyín.
Ó ní: Irú èwo?
Èmi ọmọ Ṣakí, yìnyín kan ṣoṣo ni mo mọ̀,
èyí tó ń bá òjò àkọ́rọ̀ bọ́ sórí páànù,
tí à ń sáré ṣà jẹ kó tó yọ́.
Orúkọ méjìlá ni Lowrie ní fún tirẹ̀.
Mo wò ó títí. Mo ní:
Eléyìí dà bí ojú ògì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ẹ̀kọ,
awọ fẹ́lẹ́ ló fi bora, bí o bá mí sí i yóò hunjọ.
Ó rẹ́rìn-ín, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.
"Oṣù Kẹsàn-án nìyẹn. Ó kù díẹ̀ kó gba ènìyàn dúró."

Mo ka béárì funfun fún un,
abiyamọ, ọmọ méjì lẹ́yìn, wọ́n ń tẹ ojú ẹsẹ̀ ìyá wọn.
Mo ka kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tí funfun rẹ̀ kò jẹ́ kí n tètè rí i,
àfi imú, dúdú bí kóró iṣin.
Mo ka obìnrin kan tó ń ha awọ séèlì lẹ́nu ọ̀nà,
ọmọ rẹ̀ ń wo kámẹ́rà bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ lówó.

Lẹ́yìn náà, àwòrán méjì tí ó fi rọ́bà so pọ̀:
etí òkun kan náà, òkè kan náà, oṣù kan náà.
Àkọ́kọ́, funfun, dé ibi tí ojú kò tó mọ́.
Èkejì, mo dákẹ́.
"Kà á."
Omi ni, Lowrie.
"Kí ló wà lórí omi náà?"
Omi náà ni.
Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo ń gbọ́ fíríìjì nínú kíṣìnì.
Mo rántí ọyẹ́ ilé wa, tí bàbá mi fi ń ka oṣù,
tó wá di àlejò tó ń yọjú nígbà tó bá wù ú.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ariwo ta ní èbúté.
Ẹranko òkun kan ti wọ́ gun ibi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ sómi,
irùngbọ̀n rẹ̀ le bí ìgbálẹ̀, eyín rẹ̀ gùn bí ti erin, ọ̀kan ti kán,
ara rẹ̀ rọ̀ jọ bí àpò gààrí tó ti jò dé ìdajì.
Àwọn ọmọ iléèwé ń na fóònù sókè, ọlọ́pàá ń fi okùn dí ọ̀nà.
Mo ya tèmi. Ọwọ́ mi gbọ̀n, ó rí bàìbàì.

Lálẹ́ mo kà á fún Lowrie.
Ó bi mí bó ṣe ń mí. Ó bi mí bóyá ó lajú.
Mo ní ó la ọ̀kan, ó wò mí, ó pa á dé.
"Ìgbà ọgbọ̀n ni mo wá a lọ," ni Lowrie wí,
"òun náà ló wá mi wá yìí."
Mo fẹ́ sọ pé ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ yọ́,
kì í ṣe àbẹ̀wò ló bá wá.
Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde, bàìbàì kò burú,
kí n kọ ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó yà á.
Mo kọ ọ́: Moróhunmúbọ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀.
Ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí bírò ti tẹ ìwé,
ó béèrè pé kí ni àwọn kékeré orí rẹ̀ wọ̀nyí.
Mo ní ohùn ni.
Mo fi í sínú páálí keje,
lẹ́yìn omi.