Ilé Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin

Wọ́n dé láti Aalborg lówùúrọ̀ Sátidé,
Eskild àti ìyàwó rẹ̀ tó lóyún.
Ó fa òòfà yọ lápò, ó ń fi í kan ara ọkọ̀ mi
bíi dókítà tó ń tẹ́tí sí àyà aláìsàn,
ó ń wá ibi tí ìpẹtà sá pamọ́ sí lábẹ́ ọ̀dà.
Wá a dáadáa, ọmọ mi.
Ọdún mọ́kàndínlógójì ni mo fi ń fọ iyọ̀ òkun nídìí rẹ̀.

Ìwé rẹ̀ nìyí:
ọjọ́ tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì,
ọjọ́ tí bẹ́líìtì já lórí òkè kan ní Nọ́wè
tí mo fi ìbọ̀sẹ̀ gígùn mi so ó dé ìlú kejì.
Holger, ọkọ mi, kò mọ ọkọ̀ wà.
Tirẹ̀ ni kọfí, àti máàpù tó máa ń dorí rẹ̀ kodò.
Òun ló rán kọ́tìnnì yẹn. Ó wọ́; ẹ má tún un ṣe.
Ọkọ lọ. Ọkọ̀ ló kù.

Mi ò ní purọ́ fún yín.
Bí òtútù bá mú, kì í tètè jí:
ẹ ṣí i lẹ́ẹ̀mejì, ẹ dákẹ́, ẹ ka ení dé èje,
kí ẹ tó ṣí i lẹ́ẹ̀kẹta.
Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e díẹ̀ kí ẹ tó tì í;
ẹni tó bá fagbára bá a lò, ìta ni yóò sùn.

Ìyàwó ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ń tà á?"
Mo ní ojú ni.
Bí mo bá wo ọ̀nà báyìí, àárín rẹ̀ ti di èéfín,
ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù.
Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jókòó sórí ibùsùn wa,
ó gbé ọwọ́ lé ikùn.

Eskild yọ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta króònà nínú owó. Mo gbà.
Ó bọ́ sórí àga awakọ̀; jíà ìfàsẹ́yìn kọ̀, kò wọlé.
Ó tún gbìyànjú. Irin ké.
Mo ní, "Bọ́ sílẹ̀."

Ògiri àká lọ́tùn-ún, igi ápù lósì:
èwo ni ti ojú nínú ìyẹn?
Mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo gbé jíà sókè díẹ̀,
mo fà á sápá orúnkún mi bí ẹní fa ọmọ mọ́ra,
ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́.
Ìṣísẹ̀ méjìlá sẹ́yìn, sínú oòrùn.

Mo pa á. Mo fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.
Mo wọlé lọ kawó.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta,
n kò rí iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì.